ALÁJẸṢẸ́KÙ NÍLÉ OÚNJẸ ÀWỌN ARÁ TÁÍLÁNDÌ

Ojú ewé yìí ni a máa ń fi bá yín sọ̀rọ̀ nípa èlé, nípa onídùúró, àti nípa àwọn tí wọn kì í tètè dá owó padà. Lóṣù yìí, oúnjẹ ni a fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má ṣe rò pé a ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé orí ọ̀rọ̀ owó náà ni a ṣì wà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ ni ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, tí àwọn náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ yìí. A ti gba àyè lọ́wọ́ wọn kí a tó kọ ọ́. Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń ta oúnjẹ: ìrẹsì àti ẹ̀wà láàárọ̀, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú lọ́sàn-án. Púpọ̀ nínú yín ti jẹun níbẹ̀, àwọn mìíràn sì ṣì jẹ wọ́n lówó. (A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni o.)

Ìṣòro wọn kò pamọ́. Orúnkún ń dùn wọ́n. Owó ìrẹsì ń gòkè. Owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi ra ìkòkò ńlá àti fíríìjì ku oṣù mẹ́fà kí ó tó tán. Èyí tí ó burú jù ni pé ọjọ́ tí orúnkún bá dá wọn dúró sílé, ọjà kì í tà. Àwọn oníbàárà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á nawọ́ gán aṣọ ìlẹ̀kùn, wọ́n á bèèrè pé, "Ṣé ìyá wà nídìí ìkòkò lónìí?" Bí àwọn ọmọ tí ń bá wọn ṣiṣẹ́ bá ti dáhùn pé ìyá kò sí, oníbàárà á yí padà. Ẹ̀gbọ́n wa wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lẹ́nu pé kí àwọn kúkú palẹ̀ mọ́, kí àwọn ta ìkòkò, kí àwọn fi san gbèsè.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe onídùúró rí mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìyá aláta kan àti ìyá ẹlẹ́ran kan ni wọ́n tọwọ́ bọ̀wé fún wọn. Ìkòkò àlòkù kò lè pa owó ìkòkò tuntun. Bí ilé oúnjẹ bá tì, ohun tí ó bá kù nínú gbèsè náà, orí àwọn méjèèjì yìí ni yóò bọ́ sí. Àwa tí a jẹ́ akọ̀wé ni a ó sì kọ lẹ́tà sí wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí a sùn dáadáa.

IBI TÍ A TI LỌ JẸUN

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Òun ni ó ní kí a mú ìyá òun wá kí dókítà yẹ orúnkún náà wò. Nígbà tí a ti ọ̀dọ̀ dókítà jáde, ó ní ìyá òun kò gbọdọ̀ padà sílé láìjẹun níta. Ó ní, "Mọ́mì, ọgbọ̀n ọdún ni ẹ ti ń bu oúnjẹ fún ẹlòmíràn. Lónìí, ẹ jókòó, kí ẹlòmíràn bù fún yín." Ó wá gbé wa lọ sí ilé oúnjẹ àwọn ará Táílándì kan ní Victoria Island.

Ẹ̀gbọ́n wa bèèrè pé, "Kí ni àwọn yẹn ń jẹ?"

Ọmọ ní, "Ìrẹsì ni, Mọ́mì."

Wọ́n ní, "Ìrẹsì tí mo ń sè lójoojúmọ́ ayé mi? O wá gbé mi gba inú gósílóò yìí wá jẹ ìrẹsì?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ìrẹsì kò ṣàì mọ orúkọ Táílándì, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń rí i lára àpò. Ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ni orílẹ̀-èdè náà wà. Siam ni gbogbo ayé ń pè é títí di ọdún 1939 kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà. Ìrẹsì jẹ́ gbogbo nǹkan fún wọn. Bí àwọn ará ibẹ̀ bá pàdé ara wọn, ọ̀kan nínú ìkíni wọn ni kí wọ́n bi ara wọn pé, "Ṣé o ti jẹ ìrẹsì?" Ẹ ò rí i pé ó jọ tiwa? Àwa náà kì í rí àlejò kí a má bi í bóyá ó ti jẹun.

OHUN TÍ WỌ́N GBÉ WÁ

Ọmọbìnrin tí ó gbé oúnjẹ fún wa, ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Bí ó ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wa ni ó kúnlẹ̀, ara sì tu ẹ̀gbọ́n wa. Òun ni ó ṣàlàyé ohun gbogbo fún wa.

Ọbẹ̀ olómi kan ni ó kọ́kọ́ gbé wá, tí wọ́n ń pè ní tom yum. Bí ó ti ń tú èéfín, ẹ̀gbọ́n wa fa imú sí i lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ewé tíì nìyí! Ewé tí a fi ń se àgbo ibà!" Òótọ́ ni. Ewé tíì tí ó ń hù lẹ́yìn ilé ọ̀pọ̀ wa, òun ni àwọn ará Táílándì ń fi se ọbẹ̀, pẹ̀lú gbòǹgbò kan tí ó jẹ́ ìbátan atalẹ̀, àti ewé igi kan tí ó jẹ́ ìbátan ọsàn wẹ́wẹ́. Wọn kì í jẹ àwọn ewé àti gbòǹgbò náà. Wọ́n kàn ń jẹ́ kí òórùn wọn wọ inú omi ọbẹ̀ ni. Ata wà níbẹ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, edé ńláńlá sì wà níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ UNESCO kọ orúkọ ọbẹ̀ elédé yìí sínú ìwé àwọn àṣà tí ó jẹ́ ogún gbogbo ọmọ aráyé.

Lẹ́yìn èyí ni som tam dé. Ìbẹ́pẹ tí kò pọ́n ni, wọ́n gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n wá fi ọmọ odó gún un díẹ̀díẹ̀ nínú odó pẹ̀lú ata, aáyù, ọsàn wẹ́wẹ́, edé gbígbẹ àti ẹ̀pà. Ẹ̀gbọ́n wa wo àwo náà, wọ́n wo iye owó rẹ̀ nínú ìwé oúnjẹ, wọ́n ní, "Ìbẹ́pẹ tí ewúrẹ́ ń jẹ lẹ́yìn ilé wa nìyí o!"

Ọbẹ̀ kẹta jẹ́ aláwọ̀ ewé, omi àgbọn ni wọ́n fi sè é. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àwọn Àgùdà ní Èkó mọ fẹ̀jọ̀ọ́nù tí wọ́n ń fi omi àgbọn sè nígbà Ọjọ́ Ẹtì Rere. Adùn àgbọn náà ló wà nínú rẹ̀. Ewé tí ó léfòó lórí rẹ̀ sì ń ta sánsán bí efinrin, torí ìdílé kan náà ni òun àti efinrin ti wá. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe bí a ti ń fi irú ṣe ni omi ẹja: wọ́n á po ẹja wẹ́wẹ́ mọ́ iyọ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀ títí yóò fi kan, wọ́n á wá sẹ́ omi rẹ̀. Bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀ nínú ìgò, ẹ ó sá. Bí ó bá wọ inú ọbẹ̀ tán, ẹ ó wá ibi tí ó wà kiri. Ṣé irú náà kọ́ nìyẹn?

A rò pé ẹ ó fẹ́ mọ̀ bí àwọn tí ó jìnnà sí wa báyìí ṣe ń jẹ ata bíi tiwa. Ata kì í ṣe ti ilẹ̀ wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe tiwọn. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, bẹ́ẹ̀ náà ni gbágùúdá, ìbẹ́pẹ àti ẹ̀pà. Àwọn Potogí tí wọ́n ń tukọ̀ kiri láyé ijọ́un ni wọ́n kó púpọ̀ nínú wọn wá sí etíkun wa. Àwọn kan náà ni wọ́n dé Siam lọ́dún 1511. Ọlọ́jà kan náà ló ná ọjà méjèèjì.

Oúnjẹ tí ó pa wá lẹ́rìn-ín jù ni ìrẹsì tí ó ń lẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n gbé wá nínú apẹ̀rẹ̀ kékeré. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa mú ṣíbí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ní, "Ẹ má bínú, sà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ nílé wọn. Wọ́n á bù ú, wọ́n á rún un, wọ́n á fi run ọbẹ̀." Kí ó tó sọ ọ́ tán, ẹ̀gbọ́n wa ti bèèrè omi ìfọwọ́. Wọ́n bu òkèlè, wọ́n rún un, wọ́n kì í bọ ọbẹ̀. Àwọn ènìyàn orí tábìlì kejì ń wò. Ọmọ wọn rọra ní, "Mọ́mì, wọ́n ń wò wá." Wọ́n ní, "Jẹ́ kí wọ́n wò, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n jẹ." Ó kù díẹ̀ kí ẹ̀rín gbé wa ṣubú lórí àga.

Ìrẹsì tí kì í lẹ̀ ní tirẹ̀, ṣíbí àti àmúga ni wọ́n ń lò fún un. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a ń rí nínú sinimá àwọn ará Ṣáínà, orí núdù nìkan ni àwọn ará Táílándì sábà máa ń lò ó sí. Wọn kì í sì bu ọbẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àárín tábìlì ni gbogbo ọbẹ̀ ń wà, tí olúkúlùkù ń bù níwọ̀nba sórí ìrẹsì tirẹ̀. Ẹni tí ó bá bu gbogbo edé sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ojú kan náà tí à ń fi wo ọ̀kánjúwà ni wọ́n á fi wò ó.

"TA NI Ó SÈ É?"

Nígbà tí a jẹun tán, ẹ̀gbọ́n wa pe ọmọ Ìjẹ̀bú náà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ni ó se oúnjẹ yìí? Mo fẹ́ kí òyìnbó náà." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀gá alásè, ọmọ Táílándì, ti lọ sílé láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tí ó sè é lónìí, ọmọkùnrin kan láti ìlú Ìlá ni.

Ẹ̀gbọ́n wa dákẹ́. Wọ́n wo inú ilé oúnjẹ náà yíká. Gbogbo tábìlì ló kún. Wọ́n bi ọmọ náà pé, "Àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ǹjẹ́ wọn ò bèèrè lẹ́nu ọ̀nà bóyá ọ̀gá wà nílé?"

Ó ní, "Rárá, Mà. Kí ni wọ́n fẹ́ bèèrè fún?"

A rí i pé ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wọ́n lára. Ilé oúnjẹ tí ọ̀gá kò sí níbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ń tà. Tiwọn tí wọn kò dé fún ọjọ́ kan, òfo ni. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn pe ọmọ Ìlá náà. Ó jáde wá, ó dọ̀bálẹ̀. Kò fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́. Ó ní àwọn kì í fi ojú wọn iyọ̀. Ṣíbí ni àwọn fi ń wọn iyọ̀, ṣíbí ni àwọn fi ń wọn omi ẹja, òṣùwọ̀n ni àwọn fi ń wọn ata. Ó ní ata tí àwọn fi ń se ọbẹ̀ aláwọ̀ ewé, ọ̀gá ti kọ ìwọ̀n ohun gbogbo tí ó wọ inú rẹ̀ sára ògiri ilé ìdáná. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni àwọn ń lọ̀ ọ́, tí àwọn ń kó o sí fíríìjì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá kàn lọ́jọ́ náà, ṣíbí kan náà ni yóò bù.

Ẹ̀gbọ́n wa ní, "Èmi, ọwọ́ mi ni òṣùwọ̀n mi."

Ọmọ Ìlá ní, "Ọwọ́ yín dára, Mà. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi ọwọ́ yín sílẹ̀ sílé oúnjẹ kí ẹ lọ sùn."

Nígbà tí ìwé owó dé, ọmọ wọn gbé e pamọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kà á. Owó tí a jẹ níjókòó ẹ̀ẹ̀kan yìí pọ̀ ju èrè ọ̀sẹ̀ kan nídìí ìkòkò wọn lọ. Ọmọ náà rí ojú ìyá rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fi ọjà yìí sílẹ̀. Mo máa san ìyókù owó ẹgbẹ́ fún yín. Ẹ wá sinmi." Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni ó sọ, inú wa sì dùn sí i pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà. Ẹ̀gbọ́n wa dá a lóhùn pé, "Olúwa yóò san án fún ọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo yá owó náà, ìkòkò mi ni yóò san án. Bí o bá fẹ́ fún mi ní nǹkan, ra òṣùwọ̀n kékeré kan fún mi kí a tó kúrò ní Èkó." Ó sì rà á.

ÌJỌBA TÍ Ó FI ỌBẸ̀ ṢÒWÒ

Láti ìgbà tí a ti dé ni a ti ń wá ìdí ọ̀rọ̀ àwọn ará Táílándì yìí. Ilé oúnjẹ wọn kò ṣàdédé kún ayé. Lọ́dún 2002, ìjọba wọn dá ètò kan sílẹ̀ láti sọ ilé oúnjẹ di ọjà tí wọ́n ń tà sókè òkun. Nígbà náà, nǹkan bí 5,500 ilé oúnjẹ Táílándì ni ó wà kárí ayé lóde orílẹ̀-èdè wọn. Lónìí, wọ́n ti ju 10,000 lọ. Ìjọba ṣètò kí báǹkì yá àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn lówó láti lọ ṣí ilé oúnjẹ nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n ń kọ́ àwọn alásè níṣẹ́, wọ́n sì ya àwòrán oríṣi ilé oúnjẹ mẹ́ta: ti olówó kékeré, ti alábọ́ọ́dé, àti ti ọlọ́lá. Ilé oúnjẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá pé, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò á fún un ní àmì tí wọ́n ń pè ní Thai Select, kí ẹni tí ń bọ̀ wá jẹun lè fi ọkàn balẹ̀.

Lọ́dún 2014 ni wọ́n tún gbé ẹ̀rọ kan jáde tí ó ń tọ́ ọbẹ̀ wò! Wọ́n á fi ọbẹ̀ sínú rẹ̀, yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá ìwọ̀n tí wọ́n fọwọ́ sí mu, yóò sì fún un ní máàkì bíi tíṣà. Ẹ̀gbọ́n wa ní èyí ti ju àwọn lọ, pé ahọ́n àwọn kò tíì kú.

Àṣà àtijọ́ sì kọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n ń tà. Pad thai, núdù onírẹsì tí wọ́n ń yí nínú agbada pẹ̀lú ẹyin, edé, àjàgbọn àti ẹ̀pà, tí gbogbo ayé wá mọ̀ wọ́n mọ́ báyìí, kò lọ́jọ́ lórí púpọ̀. Ìgbà ìjọba Phibunsongkhram, tí ó jẹ́ olórí ìjọba láti ọdún 1938 sí 1944, ni wọ́n gbé e lárugẹ. Núdù jẹ́ oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà tẹ́lẹ̀. Ìjọba rọ àwọn ọmọ ilẹ̀ láti máa jẹ ẹ́, kí wọ́n sì máa tà á, títí ó fi di tiwọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé oúnjẹ wa kò lè dé ibẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe é.

ÌRẸSÌ WỌN, GBÁGÙÚDÁ WA

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí fún àwọn oníṣòwò. Ìrẹsì tí a ń bọ̀ kí a tó pa á, èyí tí ó le, tí kì í lẹ̀, tí àwa ń fẹ́ fún jọ̀lọ́ọ̀fù, kì í ṣe òun ni àwọn ará Táílándì fẹ́ràn nílé wọn. Ìrẹsì olóòórùn dídùn tí ó rọ̀ ni wọ́n ń jẹ ní tiwọn. Èyí tí a ń bọ̀, ọjà tiwa àti ti àwọn tí ó dà bíi tiwa ni wọ́n ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ fún. Wọ́n wo ohun tí oníbàárà ń fẹ́, wọ́n ṣe é fún un, bí kò tilẹ̀ tẹ́ ẹnu tiwọn lọ́rùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2010, Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó ń ra ìrẹsì wọn jù ní gbogbo ayé. Lẹ́yìn náà ni ìjọba tiwa fi òfin dí i, tí wọ́n tilẹ̀ ti ibodè orí ilẹ̀ pa láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ẹ̀yin ọlọ́jà kò gbàgbé ohun tí ojú rí.

Gbágùúdá ńkọ́? Nàìjíríà ni ó ń kórè gbágùúdá jù lọ lágbàáyé. Ṣùgbọ́n Táílándì ni ó ń ta á sókè òkun jù lọ, ní gbígbẹ àti ní ìyẹ̀fun sítáàṣì, tí ilẹ̀ Ṣáínà sì ń rà á lọ́wọ́ wọn rẹpẹtẹ. Àwa ń jẹ tiwa tán ní gààrí, fùfú àti láfún. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ènìyàn jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ rántí orúkọ tí àwọn àgbà fún ẹgbẹ́ wa: Alájẹṣẹ́kù. Wọn kò pè wá ní Alájẹtán.

ẸGBẸ́ TIWỌN

Inú wa dùn láti rí i pé àwọn náà ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì ọdún 1916 ni wọ́n forúkọ àkọ́kọ́ sílẹ̀, ní Wat Chan, ní ìgbèríko Phitsanulok. Àgbẹ̀ 16 péré ni wọ́n. Gbèsè ló ti so wọ́n lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀; ni wọ́n bá kó ara wọn jọ láti yá owó níbi tí èlé kò ti ní pa wọ́n, tí gbogbo wọn sì jọ ṣe onídùúró fún ara wọn. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti Nàìjíríà dé lọ́dún 1935, lẹ́yìn tí Ọ̀gbẹ́ni C. F. Strickland ti wá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ṣáájú wa. Lọ́dún 1966 ni ìjọba wọn dá báǹkì kan sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn, báǹkì náà sì wà títí dòní.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. A ti dé ibẹ̀, a sì ti rí i.

OHUN TÍ A BÁ BỌ̀ WÁLÉ

Ẹ̀gbọ́n wa kò sọ ilé oúnjẹ wọn di ti àwọn ará Táílándì. Àmàlà ṣì ni àmàlà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n pe ọmọbìnrin tí ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wọn jù lọ, wọ́n ní kí ó jókòó ti àwọn. Ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ jù sínú ìkòkò, wọ́n á kọ́kọ́ fi í sórí òṣùwọ̀n, ọmọ náà á kọ ọ́ sínú ìwé. Irú, iyọ̀, ata, epo, títí dé omi gbẹ̀gìrì. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n rí i pé àwọn alára kì í se ọbẹ̀ bákan náà: epo tí wọ́n ń lò ní ọjọ́ Ajé máa ń ju ti ọjọ́ Ẹtì lọ. Owó ti ń jò láti ibẹ̀ láìmọ̀.

Ní báyìí, ọmọ náà ló ń se oúnjẹ ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ènìyàn díẹ̀ ló yí padà lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bàbá awakọ̀ kan jẹun tán, ó ní kí wọ́n bá òun kí ìyá, pé ọwọ́ wọn kò yí padà. Ìyá wà nílé tí wọ́n na ẹsẹ̀. Orúnkún náà kò tíì san tán, owó ìrẹsì kò sì wálẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè ẹgbẹ́ ti ku oṣù mẹ́ta báyìí, wọn kò sì jẹ oṣù kankan mọ́ èkejì. Ìyá aláta àti ìyá ẹlẹ́ran lè sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oúnjẹ, àti gbogbo ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọjà, yálà ẹ ń rán aṣọ ni, ẹ ń ṣe búrẹ́dì ni, tàbí ẹ ń po ọṣẹ, ẹ gbé ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí yẹ̀ wò:

1. Ẹ kọ ìwọ̀n ohun tí ẹ ń lò sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kí ó yan ife kan àti ṣíbí kan tí kò ní yí padà.

2. Ẹ kọ́ ẹnì kan ní iṣẹ́ náà délẹ̀délẹ̀. Ọjà tí ó bá dúró sára ènìyàn kan ṣoṣo, ọjọ́ tí ara ẹni náà kò bá yá ni yóò kú.

3. Ẹ ṣírò iye tí àwo kan ń ná yín kí ẹ tó dá iye lé e. Ọ̀pọ̀ wa ló ń tà, tí a rò pé a ń jèrè, nígbà tí ó jẹ́ owó orí ni a ń jẹ.

4. Ẹ jẹ́ kí a jọ máa ra ìrẹsì, epo àti ẹ̀wà pọ̀. Ẹni tí ó ra àpò kan kò lè ná ọjà bí ẹni tí ó ra ogójì àpò. Ìgbìmọ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, a ó sì gbé e wá síwájú ìpàdé.

Ní ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀, bí a bá ti ka àkọsílẹ̀ ìpàdé àná tán, ẹ̀gbọ́n wa yóò gbé òṣùwọ̀n, ife àti ìwé wọn wá, wọn yóò sì fi han gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ. Wọn kò gba kọ́bọ̀. Kí olóúnjẹ kọ̀ọ̀kan mú ṣíbí tí ó ń fi ń bu iyọ̀ dání, kí a lè fi wọ́n wé ara wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dé, ẹ má sì gbàgbé káàdì ìfowópamọ́ yín.

Àwa ni ti yín nítòótọ́,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́